Mo Gba Ìkòtún Wọ Ìlú Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ará Ìgbájọ tí ẹ ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń ní, “Ìyá Dámi, ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ká gbọ́,” mo ti gbọ́ o. N kò lè máa sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́. Aṣọ yín kún ilẹ̀, máṣíìnì mi ń wò mí níran, ẹ̀yin náà lẹ ó sì tún máa pariwo pé n kò tètè rán an. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, kó kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá wo ojúgun mi, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé, púpọ̀ nínú yín ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi, Bàbá Dámi, ti wà ní ìlú Òyìnbó láti ọdún mẹ́rin, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n wá rí ìwé tó fún wọn láyè láti mú ìyàwó wọn wá. Mo jó yí máṣíìnì mi ká lọ́jọ́ náà. Àṣé ìlú Òyìnbó ní ìbéèrè kan lẹ́nu ọ̀nà: ìyàwó yìí, ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Kó wá ṣe ìdánwò, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Èmi tí mo kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta girama! Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ kò ju orúkọ aṣọ lọ: léèsì, sátíìnì, ṣífọ́ọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ní ẹ̀wù méjì. Bí mo bá yege, mo lọ bá ọkọ mi. Bí n kò bá yege, a ó tún máa rí ara wa nínú fóònù, ọwọ́ mi kò ní kan ọwọ́ wọn.

Bí mo ṣe gúnlẹ̀

Ìyànà Ìpájà, níbi tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ láti lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánwò náà, ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni mí. Mo gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó gba òkè títì kọjá, mo sì ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé gẹ́gẹ́ bí a ṣe tọ́ mi: ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ẹrù o. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rò pé ohùn mi ló kéré, mo bá gbé e sókè. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ta gíláàsì ojú lórí afárá náà fà mí lápá.

“Màmí, ta lẹ ń wá?”

Mo ní n kò wá ẹnikẹ́ni.

“Ẹ wá ń kí gbogbo ayé? Ẹ má kí wọn mọ́ jàre. Wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ tọrọ owó ni.”

Ìtìjú mú mi, ẹ̀rín sì tún ń pa mí. Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Mo sì tún yọ́ kí ìyá arúgbó kan tó dì mọ́ irin, ó dáhùn, ó tún bá mi ṣàdúrà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ọ̀ọ́dúnrún. Mo gba ti ẹ̀.

Ilé àbúrò bàbá mi, Àǹtí Mopélọ́lá, ni mo dé sí ní Ìkòtún. Ìyá ìjọ ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní àdúgbò wọn, ọjọ́ tí mo sì dé, súútánà ni wọ́n wọ̀ jáde wá pàdé mi, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n fi omi wọ́n mi lórí kí n tó wọlé, wọ́n ní ọ̀nà jìn, a ò mọ ohun tó lè tẹ̀lé èèyàn wálé.

“Bísí, má wọ̀rí ṣá,” ni wọ́n wí. “Jẹ́ kí bọ́dì ẹ rẹ̀ wálẹ̀. Wàá páàsì ẹ̀ gbáà, àbí kí lo ń fíà?”

Mo ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

Wọ́n ní ẹ̀kọ́ kí ni? Wọ́n ní Yorùbá ni àwọn ń sọ. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Yorùbá Ìkòtún nìkan gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí etí mi tó bá a rìn, n kò sì tíì dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Kọ́tínì búlúù

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ẹgbẹ́dá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì. Ẹnubodè rẹ̀ ni kọ́tínì búlúù kan.

Olùkọ́ wa, Mísì Ìbùkún, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó dúró níwájú kọ́tínì náà láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ fún mi wẹ́rẹ́, “Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa lẹ jí?” Inú mi dùn sí i, mo ní ọmọ gidi lèyí. Ó wá dìde, ó fi ọwọ́ kan kọ́tínì.

“Mà, níhìn-ín, ọmọ yín ni mí. Tí ẹ bá ti kọjá kọ́tínì yìí, ẹ̀yin lẹ máa di ọmọ mi. Yorùbá ò wọbẹ̀ o. Ẹ gbé e sílẹ̀ síbi bàtà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ Yorùbá, mo wọlé.

A jẹ́ mẹ́sàn-án nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì mí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bọ̀dá Ràfíù ni, tó máa ń tún ara mọ́tò tó bá fọ́ ṣe ní Igando. Ọmọ wọn ń gbé ní Kánádà, àwọn náà fẹ́ lọ bá a. Ọwọ́ wọn le bí òòlù, ṣùgbọ́n bí Mísì Ìbùkún bá ti pe orúkọ wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í nu òógùn.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ gbà kò ju kí n sọ nípa ọkọ mi lọ. Èyí rọrùn, mo ní. Mo dìde, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ketekete: ọkọ mi, “they” ga. “They” dúdú. “They” fẹ́ràn ẹ̀wà púpọ̀.

Mísì Ìbùkún wò mí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè iye ọkọ tí mo ní.

Mo ní ẹyọ kan.

Ó wá ṣàlàyé pé “they” tí mo ń wí yẹn, èrò rẹpẹtẹ ni. Pé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún gbogbo kíláàsì pé mo ní àwọn ọkọ, àwọn gíga, àwọn dúdú, tí gbogbo wọn ń jẹ ẹ̀wà. Bọ̀dá Ràfíù fi orí lé tábìlì, èjìká wọn ń gbọ̀n. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn mí díẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń pe ọkọ mi ní “wọ́n”. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, Gẹ̀ẹ́sì ṣí fìlà lórí wọn, ó ní kí n máa pè wọ́n bí ẹni ń pe ọmọ àná.

Kò tán síbẹ̀. Bí mo ti fi “they” sílẹ̀, ni mo bá tún ń pè wọ́n ní “she”. Nítorí àwa kò bìkítà: obìnrin ni o, ọkùnrin ni o, ewúrẹ́ ni o, “ó” ni gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì dà bí èmi télọ̀. Kò lè fọwọ́ kan iṣẹ́ láìkọ́kọ́ mọ̀ bóyá ṣòkòtò ni tàbí búbà. Ìgbà tí mo wá rò ó báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Kí n tó la ẹnu, mo ti ń wọn ẹni náà lójú: ṣòkòtò, “he”, búbà, “she”.

Ọjọ́ kẹta ni èyí tó wọ̀ mí lára jù ṣẹlẹ̀. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo dìde, mo yí sí ẹnu ọ̀nà, mo sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún Mísì Ìbùkún pé, “I am coming.”

Ó dá mi dúró. Ó ní rárá, ò ń lọ ni.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní mò ń bọ̀.

Ó ní ẹni tó ń lọ kò lè máa bọ̀. Ó ní létí Òyìnbó, ẹni tó bá sọ báyìí, ojú rẹ̀ ló kọ sọ́dọ̀ yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sún mọ́ yín. Bọ̀dá Ràfíù kò lè mú un mọ́ra, Yorùbá bọ́ lẹ́nu wọn: “Ṣé kí n wá sọ fún kọ́sítọ́mà pé mò ń lọ? Yóò pe ọlọ́pàá fún mi! Mò ń bọ̀ ni mo máa ń sọ fún wọn, wọ́n á fọkàn balẹ̀.” Gbogbo kíláàsì pariwo pé òótọ́ ni. Mísì Ìbùkún fi ìka sí ètè. Ó ní kí a rántí kọ́tínì.

Èmi kò pariwo. Ọ̀rọ̀ náà ti gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Bàbá Dámi gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n ní, “Bísí, mò ń bọ̀.” Wọ́n yí ẹ̀yìn padà, wọ́n sì lọ. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń parí gbogbo ìpè láti ìgbà náà. Ó dára, mò ń bọ̀. Fóònù á sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò fìgbà kan dùn mí rí, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo padà jókòó. N kò rántí ibi tí mo ń lọ mọ́.

Ìwà àwọn onílẹ̀

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyẹn bà yín nínú jẹ́, nítorí ọ̀sẹ̀ kejì ni a wọ ibi tí wọ́n ń pè ní àkànlò èdè, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú ẹ̀rín.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ará ilé, ìlú aláìníṣẹ́ ni. Òjò tó bá rọ̀ gidi níbẹ̀, wọ́n ní ajá àti ológbò ló ń rọ̀. Ẹni tó bá ń tú àṣírí, wọ́n ní ẹ̀wà ló dà nù. Ọjà tó bá wọ́n, wọ́n ní apá kan àti ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi rà á. Ẹni tó bá ń bá yín ṣàwàdà, ẹsẹ̀ yín ló ń fà. Bí ara èèyàn kò bá yá, wọ́n ní ó wà lábẹ́ ojú ọjọ́. Mo bi Mísì Ìbùkún pé nígbà tí ara onítọ̀hún yá ńkọ́, òkè ojú ọjọ́ ló ń gbé? Ó ní kí n má ronú nípa rẹ̀, kí n sáà gbà á bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó bá rọrùn, wọ́n ní ègé kéèkì ni. Bọ̀dá Ràfíù ní kí wọ́n lọ bi ẹni tó ń po bọ́tà wò bóyá kéèkì rọrùn.

Kí ẹ má baà rò pé àwa là ń fi wọ́n ṣẹ̀sín nìkan, Mísì Ìbùkún náà fi wá ṣẹ̀sín tán. Mo pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo ní òjò ló pa mí. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Bọ̀dá Ràfíù ní oòrùn pa àwọn ní tiwọn. Ẹnì kan lẹ́yìn ní ebi ń pa òun. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, mo sì ní ẹ̀rín pa mí. Mísì Ìbùkún ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó jáde lọ sí òdìkejì kọ́tínì kó lè fi Yorùbá sọ ọ́ fún wa dáadáa: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òkú, ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́! Ẹ ti kú lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí, aago mẹ́wàá ò tíì lù!”

Ẹ̀wà àgọ̀yìn

Bí ó bá di ọ̀sán, a ó kọjá sí ìhín kọ́tínì, a ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ẹnu wa á sinmi. Ẹ̀wà àgọ̀yìn ni a máa ń jẹ, láti ọwọ́ obìnrin kan tó ń ta á nísàlẹ̀, tó ti sè é títí tí kò fi ní egungun mọ́. Ata tó ń bù lé e lórí dúdú bí epo mọ́tò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò jó yín lẹ́nu, tí yóò sì tún dùn. Àwa nílé a máa ń jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò tàbí gàrí. Níbẹ̀, inú búrẹ́dì ni wọ́n ń há a sí. Mo kọ́kọ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo ti mọ orúkọ ọmọ obìnrin náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, Mísì Ìbùkún fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá, pé kí a lo odidi ọjọ́ kan láìsọ Yorùbá. Ọjọ́ náà ni Àǹtí Mopélọ́lá mú mi lọ ra tòmátò ní Ṣáṣá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ná an. Ẹni tó ń tà á wo aṣọ mi, ó wo bàtà mi, ó yí sí àǹtí mi: “Ìyá, ṣé ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni wọ́n ti dé ni?” Àǹtí mi kò jẹ́ kí n dáhùn.

“Bísí, fi Gẹ̀ẹ́sì yẹn pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n ẹ ná. Tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ò ní rówó ra ata mọ́.”

Báyìí ni mo ṣe yadi ní Ṣáṣá títí a fi ra gbogbo ọjà tán.

Ẹsẹ̀

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mo jí, mo wẹ̀, mo wọ àǹkárá tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Ẹni tó bá rí mi á rò pé ibi ìgbéyàwó ni mò ń lọ. Fóònù mi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ Mísì Ìbùkún ni, gbólóhùn kan péré: “Break a leg!”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. A kò tíì dé orí èyí nínú ìwé. Mo ṣe é bí ó ṣe kọ́ mi, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: dá, ẹsẹ̀, kan. Dá ẹsẹ̀ kan.

Àǹtí Mopélọ́lá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ gíláàsì wọn. “Ta ló kọ èyí?”

“Tísà mi ni.”

“Kí lo ṣe fún un?”

“Àǹtí, n kò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi.”

“Àwọn ọ̀tá kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ìdúró, Bísí! Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀!”

Mo pe Mísì Ìbùkún, fóònù rẹ̀ ti wà ní pípa. Mo pe Bọ̀dá Ràfíù, tí ìdánwò tiwọn bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ní, “Ìyá Dámi, ṣé ẹ̀yin náà gbà á? Mi ò gun ọ̀kadà mọ́ lónìí o. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má gbé jáàkì sókè títí n ó fi dé.”

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ lè fojú inú wò ó. Èmi àti Àǹtí sáré dé ilé ìjọsìn wọn. Wọ́n tan àbẹ́là méje, wọ́n ní kí n na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n sì fi òróró pa á láti orúnkún dé ọmọ ìka. Àwọn ìyá mẹ́ta mìíràn nínú súútánà dara pọ̀. “Ẹsẹ̀ Bísí, o ò ní dá!” “Àmín!” “Apá òsì, o ò ní dá!” Mo ní ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Wọ́n ní kí á kúkú parí gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Mo dé ibi ìdánwò pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dán yinrin. Nítorí òróró náà, bàtà mi kò dúró. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kejì, ó yọ́, mo sì fi ojúgun gbá etí kọnkéré. Gbogbo èèyàn pariwo, “Pẹ̀lẹ́ o!” Mo jókòó sílẹ̀, mo di ẹsẹ̀ mú, mo fọwọ́ tọ́ ọ wò. Méjì ni wọ́n, wọ́n pé. Ẹ̀rín ni mo fi wọ inú ilé.

Iwájú bàbá Òyìnbó

Bàbá Òyìnbó kan ló jókòó sẹ́yìn tábìlì, gbogbo irun wọn ti funfun. Bí ojú mi ti rí irun funfun, orúnkún mi kò bi mí léèrè, ó lọ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá fò dìde. Wọ́n rò pé mo ṣubú. Wọ́n ń sáré yí tábìlì bọ̀ láti gbé mi, ìwé wọn já bọ́, bírò wọn yí lọ sábẹ́ àga. Mo ní, “Sorry! Sorry!” Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo ní mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi, pẹ̀lẹ́ ni mo kàn ń kí wọn. Àwa méjèèjì wá wà nílẹ̀, à ń wá bírò.

Nígbà tí a jókòó tán, ẹ̀rù ti fò lọ. Wọ́n bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ ọ́. Wọ́n bi mí nípa oúnjẹ, mo sọ nípa ẹ̀wà títí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n wá bi mí nípa ọkọ mi. “They” ti dé etí ètè mi, mo gbé e mì. Mo wọ̀n wọ́n lójú inú: ṣòkòtò. Mo ní “he”. Mo ní “he” ga, “he” ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yín, ó di ọdún mẹ́rin.

Wọ́n bi mí bóyá ọkọ mi ń bọ̀ wálé láìpẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ohun tí mo há sórí ló dákẹ́. N kò rí ọ̀rọ̀ ìṣe, n kò rí ọ̀rọ̀ orúkọ. Òótọ́ nìkan ni mo rí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ mi sọ fún wọn pé ọkọ mi ní òun ń bọ̀. Pé ní èdè tiwa, ẹni tó ń lọ ló máa ń sọ pé òun ń bọ̀, kí ẹni tó kù nílé má baà sunkún. Pé ọkọ mi ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Pé ó ti tó kí ẹlòmíràn náà bọ̀.

Bàbá Òyìnbó gbé bírò sílẹ̀. Wọn kò kọ nǹkan kan. Mo ní mo gbé, mo ti ba gbólóhùn náà jẹ́. Wọ́n ṣe “hẹ̀n” bí àgbàlagbà tiwa ṣe máa ń ṣe é, wọ́n sì wo aago. Wọ́n ní mo ṣeun, àsìkò ti tó, mo lè máa lọ.

Mo gbé báàgì, mo tẹríba, mo dé ẹnu ọ̀nà. Kí ni ẹnu mi sọ? Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn, lẹ́yìn kọ́tínì, lẹ́yìn Mísì Ìbùkún, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń lọ, mo sì ní, “I am coming.”

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní àwọn nírètí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún Mísì Ìbùkún, ó jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di inú mú. Àṣé wọ́n fi ń wúre fún èèyàn ni! Ó bá mi dé Ìkòtún lọ bẹ Àǹtí Mopélọ́lá. Ó kúnlẹ̀. Àǹtí mi wo ìkúnlẹ̀ náà dáadáa kí wọ́n tó ní kó dìde.

Nílé

Mo ti padà sí Ìgbájọ nígbà tí èsì jáde. Ọmọ mi Dámi ló wò ó láti ilé ìwé gíga tó wà, ó pè mí, ó ń pariwo débi pé n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ yege!” Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà rí bí mo ṣe fi sísọ́ọ̀sì jó. Ẹni tí mo gé aṣọ rẹ̀ kù, ẹ foríjì mí, n ó rí i ṣe.

Mo pe Bàbá Dámi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀: n ó kọ́kọ́ kí wọn, n ó béèrè iṣẹ́, n ó sọ̀rọ̀ òtútù, n ó wá sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n gbé e. Gbogbo ohun tí mo tò fọ́n ká. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “I am coming.”

Wọ́n dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, mò ń retí kí wọ́n pariwo. Mo gbọ́ tí mọ́tò kan kọjá níta ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́.

“Bàbá Dámi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbí. Ìwọ ni mò ń dúró dè. Ìkòkò wo lo fẹ́ lọ sọ̀ kalẹ̀?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì tún dé, n kò mọ èyí tí n ó kọ́kọ́ dá lóhùn nínú méjèèjì.

“Kò sí ìkòkò kankan lórí iná,” mo ní. “Bàbá Dámi, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ.”